Bí A Ṣe Ń Kó Ojúlówó Mẹ́dàlì àti Báàjì Ogun Jọ ní Ìbàdàn

Ibùdó àwọn sójà tó wà ní Mọ́kọ́lá ń jẹ́ Letmauk. Abúlé kan ní ilẹ̀ Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí, ló ni orúkọ yẹn, níbi tí àwọn sójà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti kojú àwọn ará Japan ní 1945. Nígbà tí ogun Hítílà parí, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn àti ti àwọn ìlú tó yí i ká padà sí agboolé wọn. Wọ́n di àgbẹ̀, wọ́n di awakọ̀, ọlọ́pàá, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́. Mẹ́dàlì tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fún wọn wọ inú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí inú agolo bisikíìtì, ibẹ̀ ló sì wà títí wọ́n fi kú. Ní báyìí, ọmọ-ọmọ ló ń palẹ̀ ilé mọ́, kò sì mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Ó lè gbé e fún ẹni tó ń ti ọmọlanke kiri ra kóńdéèmù, kí wọ́n wọ̀n ọ́n pọ̀ mọ́ ìkòkò tó ti jò.

Mo fẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ohun kan wà tí gbogbo ìmọ̀ràn inú rẹ̀ dúró lé: orúkọ ẹni tó gba mẹ́dàlì níye lórí ju mẹ́dàlì lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò kọ orúkọ sára mẹ́dàlì ogun Hítílà tí wọ́n fún àwọn sójà tiwa. Bí ọ̀kan bá ti kúrò nínú ilé tó ti wá láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ orúkọ sílẹ̀, kò sí ẹni tó tún lè mọ ẹni tó ni ín.

Ẹ kọ́kọ́ yan ogun kan

Ẹni tó bá ní gbogbo ogun pátá lòun fẹ́ kó nǹkan rẹ̀ jọ, owó rẹ̀ á tán kó tó mọ ọ̀kan dáadáa. Ẹ yan ẹyọ kan, ẹ mọ̀ ọ́n tinú-tẹ̀yìn, kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan òmíràn.

Africa General Service Medal, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1902, jẹ mọ́ àwọn ogun tí Gẹ̀ẹ́sì fi gba ilẹ̀ wa. Orúkọ sójà wà létí rẹ̀, orúkọ ogun sì wà lára ọ̀pá kékeré tó dábùú ríbọ́ǹ, irú bí “Aro 1901-1902” tàbí “N. Nigeria 1903”. Ó ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ iwájú.

Ogun 1914 sí 1918, tí àwọn bàbá wa ń pè ní ogun Jámánì, gbé Nigeria Regiment lọ sí Kamẹrúùnù, ó sì tún gbé wọn lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Mẹ́dàlì méjì ló wọ́pọ̀ níbẹ̀. British War Medal jẹ́ fàdákà, ọkùnrin kan tó gun ẹṣin láìwọṣọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Victory Medal jẹ́ idẹ, ríbọ́ǹ rẹ̀ ní àwọ̀ òṣùmàrè. Orúkọ àti nọ́ńbà sójà wà létí méjèèjì, ìyẹn sì jẹ́ kí ìwádìí rọrùn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé fàdákà ni ti àkọ́kọ́: ẹni tí owó há mọ́ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, kó di òrùka.

Lẹ́yìn òmìnira, àwọn sójà wa lọ sí Kóńgò lábẹ́ àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láàárín 1960 sí 1964. Ibẹ̀ ni Adékúnlé Fájuyì ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi fún un ní Military Cross, mẹ́dàlì ìgboyà, Fájuyì kan náà tí wọ́n pa ní Ìbàdàn ní oṣù Keje 1966 pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi. Ti ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970, ẹ rọra. Àwọn tó jà á ṣì wà láàyè, àwọn tó pàdánù ènìyàn nínú rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ń gbé láàárín wa ní Ìbàdàn. Owó bébà Bìáfírà tó jáde ní 1968 àti owó ẹyọ aluminium tí wọ́n kọ 1969 sí lára ni ẹ máa rí jù. Kí ẹ tó ra ohunkóhun níbẹ̀, ẹ lọ sí musíọ́ọ̀mù ogun tó wà ní Umuahia, tí wọ́n ṣí ní 1985, kí ẹ fojú ara yín rí ojúlówó.

Ní tèmi, ibi tó yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ni ogun Hítílà. Nǹkan rẹ̀ ṣì wà nínú ilé, àwọn ọmọ tó gbọ́ ìtàn lẹ́nu bàbá wọn ṣì wà, ojúlówó rẹ̀ kò sì tíì wọ́n kọjá agbára òṣìṣẹ́.

Ẹ mọ ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ sójà Bọ́mà

Apá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì, torí ìmọ̀ yìí ló ń dáàbò bo owó ẹni ju ohunkóhun lọ.

Àwọn sójà wa wà lábẹ́ Royal West African Frontier Force, tí wọ́n máa ń gé kúrú sí R.W.A.F.F. Nàìjíríà, Ghana, Sierra Leone àti Gambia ló para pọ̀ di i. Ní 1943 ni wọ́n dá dífísọ̀n méjì tó lọ sí Bọ́mà sílẹ̀, ìyẹn 81 àti 82. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, bàtálíọ̀nù Nigeria Regiment mẹ́ta, ti kẹfà, ti keje àti ti kejìlá, bá àwọn Chindit, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, wọ inú igbó lẹ́yìn àwọn ọ̀tá ní 1944.

Sójà tó dé Bọ́mà sábà máa ń ní mẹ́dàlì mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni 1939–1945 Star, tí ríbọ́ǹ rẹ̀ pín sí mẹ́ta ọgbọọgba: búlúù dúdú, pupa, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Èkejì ni Burma Star: búlúù dúdú ni ríbọ́ǹ rẹ̀, ilà pupa fẹ̀ láàárín rẹ̀, ilà ọsàn tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàárín búlúù ọ̀tún àti tòsì. Àwọn Star wọ̀nyí jẹ́ irin idẹ onígun mẹ́fà. Lẹ́tà G R I àti VI wà láàárín fún ọba George Kẹfà, adé wà lókè wọn, orúkọ Star náà sì yí wọn po. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú. Gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 44, fífẹ̀ rẹ̀ 38.

Ẹ̀kẹta ni Defence Medal, ẹ̀kẹrin ni War Medal 1939–1945. Róbótó ni méjèèjì, mìlímítà 36, wọ́n fi bàbà àti níkẹ̀lì ṣe wọn, wọ́n sì dà bíi fàdákà lójú. Ibi tí ojú ti máa ń ṣi olùbẹ̀rẹ̀ nìyí: lára Defence Medal, orí ọba wà lófìfo, kò dé adé, lára War Medal, ọba dé adé. Ẹ yí wọn padà. Igi kékeré kan pẹ̀lú kìnnìún méjì ló wà lẹ́yìn Defence Medal, kìnnìún tó dúró lórí ẹranko ẹlẹ́nu-iná olórí méjì ló sì wà lẹ́yìn War Medal. Bí ẹnì kan bá mú èyí tí iwájú rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀kan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ti èkejì wá, ẹ dá a padà pẹ̀lú ẹ̀rín, kí ẹ máa lọ.

Sójà tó ti bá wọn lé àwọn ará Ítálì ní Sómálíà àti Ethiopia ní 1940 sí 1941 lè ní Africa Star pẹ̀lú. Ẹni tí kò kúrò ní Nàìjíríà títí ogun fi parí kò ní gba Burma Star, àmọ́ War Medal lè wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí iṣẹ́ ológun ọjọ́ 28 ti tó fún un. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé Atlantic Star tàbí Air Crew Europe Star síwájú yín pé ti bàbá àwọn tó wà ní R.W.A.F.F. ni, ẹ béèrè ìwé. Ti àwọn tó jà lójú omi òkun Atlantic ni ọ̀kan, ti àwọn tó wà nínú bàálù ogun lórí ilẹ̀ Yúróòpù ni èkejì.

Báàjì wá. Èyí tó wà lára fìlà R.W.A.F.F. jẹ́ idẹ tí igi ọ̀pẹ wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ W.A.F.F. nìkan sí, tí kò sí R níwájú, ó ti pẹ́: 1928 ni wọ́n fi Royal kún orúkọ náà. Báàjì aṣọ ti dífísọ̀n 81 ni aláǹtakùn dúdú lórí àwọ̀ ìyeyè, aláǹtakùn Ànáǹsé inú àlọ́ àwọn ará Ghana. Ti 82 ni ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn lórí òṣùká. Bẹ́ẹ̀ ni, òṣùká tí a fi ń ru ẹrù. Lórí ni àwọn ọmọ Áfíríkà fi ru ọta àti oúnjẹ la òkè Bọ́mà kọjá, níbi tí mọ́tò kò ti lè rìn, wọ́n sì fi òṣùká náà ṣe àmì ara wọn. Mi ò mọ báàjì ogun kankan tó wù mí tó èyí.

Adé ń sọ ọjọ́ orí báàjì. Kó tó di 1953, ayé ọba, òkè adé náà yípo gbun-un sókè. Lẹ́yìn tí Elizabeth jẹ, àárín rẹ̀ tẹ̀ wọlé díẹ̀, èjìká rẹ̀ méjèèjì sì yọ sókè. Ọbabìnrin wá sí Nàìjíríà ní 1956, àwọn sójà wa sì di Queen's Own Nigeria Regiment. Ní 1960 wọ́n di Royal Nigerian Army, nígbà tó di 1963 tí a di orílẹ̀-èdè olómìnira aláàrẹ, Royal kúrò, adé náà sì kúrò. Nítorí náà, báàjì tí adé ọbabìnrin wà lórí rẹ̀ kò lè ti Bọ́mà bọ̀, ohunkóhun tí ẹni tó ń tà á ì báà sọ.

Ibi tí ẹ ti lè rí wọn

Ẹ má retí ṣọ́ọ̀bù kan tó kọ “mẹ́dàlì ogun” sójú pátákó. Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà àti fàdákà, àwọn tó ń ra kóńdéèmù, àwọn tó ń ta ohun èlò ilé àlòkù àti àwọn tó ń ta owó àtijọ́ fún àwọn àlejò ni kí ẹ bá dọ́rẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ àwòrán igi ọ̀pẹ, aláǹtakùn àti Burma Star sórí ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sísàlẹ̀, kí ẹ sì pín in fún wọn. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ máa san ju iye tí wọ́n ń wọn irin lọ, kí ẹ sì san án nígbà tí wọ́n bá pè. Ẹni tí ẹ bá tàn lẹ́ẹ̀kan kò ní pè yín mọ́.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Burma Star rẹpẹtẹ. Ẹ lè ra ẹyọ kan níbẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá gbà láti gba ọjà padà, kí ẹ fi máa wé òmíràn. Kọjá ìyẹn, mi ò rí ìdí tí ọmọ Ìbàdàn fi máa fi dọ́là ra Star tí kò ní orúkọ láti òkè òkun, nígbà tí ti bàbá aládùúgbò rẹ̀ wà nínú agolo.

Inú ilé ni ibi tó dára jù. Ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdọọdún, tí wọ́n fi ń rántí àwọn ọmọ ogun tó ti kú, ẹ lọ síbi ayẹyẹ náà. Ẹ máa rí àwọn sójà fẹ̀yìntì àti àwọn opó. Ẹ má lọ ra nǹkan lọ́jọ́ náà o. Ẹ kí wọn, ẹ gbọ́ ìtàn, ẹ gba àdírẹ́sì.

Bí ẹ bá wọ ilé onílé

Ní agboolé Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ Mọ́gàjí ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, tàbí ọ̀dọ̀ àgbà tó bá wà nílé. Ẹ má ṣe wọlé kí ẹ sì béèrè pé “Ṣé ẹ ní mẹ́dàlì tí ẹ fẹ́ tà?” Ẹ ní: “Ẹ kú ilé o, bàbá. Mo gbọ́ pé àwọn kan jáde lágboolé yìí lọ sógun Hítílà. Orúkọ wọn ni mo wá béèrè, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀.” Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n fúnra wọn máa ní kí ọmọ kan lọ gbé àpótí náà wá.

Ẹ tẹ́tí. Ẹ gba àyè láti fi fóònù ká ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ àbísọ, orúkọ tí wọ́n fi wọ iṣẹ́ sójà, oríkì, orúkọ ìyá, ọdún tó lọ àti ọdún tó dé, àti bí wọ́n ṣe ń pè é ládùúgbò. Orúkọ iṣẹ́ sójà ṣe pàtàkì gan-an. Àwọn tó ń kọ orúkọ sílẹ̀ nígbà náà máa ń fi ìlú ẹni ṣe orúkọ ìdílé, tó fi jẹ́ pé Làmídì ọmọ Adéọ̀jọ lè di “Lamidi Ibadan” nínú ìwé wọn. Bí ẹ bá ń wá Adéọ̀jọ, ẹ ò ní rí i láéláé. Nọ́ńbà rẹ̀ náà, tí wọ́n sábà máa ń fi NA bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, ẹ kọ ọ́ bí ẹ bá rí i lára ìwé tàbí lára àpótí.

Ẹ béèrè ìwé ju irin lọ. Ìwé tí wọ́n fi tú u sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ìwé owó-oṣù rẹ̀, lẹ́tà, fọ́tò tó yà ní Íńdíà pẹ̀lú fìlà abetí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lórí: ìwọ̀nyí ló ń so irin mọ́ ènìyàn. Ẹ yí fọ́tò wò lẹ́yìn, òǹtẹ̀ ayàwòrán àti orúkọ ìlú lè wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ta mẹ́dàlì fún yín tó sì fẹ́ tọ́jú ìwé sílé, ẹ ya fọ́tò ìwé náà dáadáa, ojú-ewé kan tẹ̀lé òmíràn.

Wàyí o, ta ló ni í? Ogún bàbá kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí bàbá bá fẹ́ ìyàwó ju ẹyọ kan lọ, gbogbo ìdí-igi ló ní ìpín nínú ohun tó fi sílẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń gbé nínú ilé náà lè tà á fún yín lónìí, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ṣakí wá bá yín lọ́la pẹ̀lú omijé, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ẹ ní kí wọ́n pe ara wọn jọ. Ẹ kọ ìwé ẹ̀rí títà: orúkọ sójà, àpèjúwe ohun tí ẹ rà, iye tí ẹ san, ọjọ́, ìbuwọ́lù olórí ẹbí àti ti ẹlẹ́rìí méjì. Ẹ fún wọn ní ẹ̀dà kan, kí ẹ sì tẹ fọ́tò mẹ́dàlì náà, kí ẹ fi gíláàsì bò ó fún wọn láti gbé kọ́ sára ògiri.

Nígbà mìíràn, ohun tó tọ́ ni pé kí ẹ má rà á. Bí opó rẹ̀ bá wà láàyè tó sì ń wo mẹ́dàlì náà lọ́wọ́ yín lọ́nà kan, ẹ dá a padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ti gba orúkọ àti ìtàn sílẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ti parí.

Bí a ṣe ń yẹ ojúlówó wò

Ẹ ra awò kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, kálípà, máginẹ́ẹ̀tì, àti tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó wò. Wọn ò gbówó lórí.

Máginẹ́ẹ̀tì ló yá jù. Idẹ, fàdákà, àti bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ̀lì, kò sí èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ọn nínú wọn. Èyí tó bá lẹ̀, ayédèrú ni. Èyí tí kò lẹ̀ kò tíì yege.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi awò wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n fi tẹ ojúlówó, ìdí nìyẹn tí etí lẹ́tà rẹ̀ fi mú, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì dán. Ayédèrú tó pọ̀ jù ni wọ́n yọ́ irin dà sínú mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ojúlówó ṣe. Ojú rẹ̀ máa ń rí hóró-hóró bí èèpo ọsàn, lẹ́tà rẹ̀ á wú, ihò tín-tín-tín á wà lára rẹ̀, ẹ sì lè rí ilà ibi tí mọ́ọ̀dù méjì ti pàdé létí. Irin tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù máa ń sún kì bó bá tutù, torí náà ẹ fi kálípà wọ̀n ọ́n. War Medal tí kò pé mìlímítà 36 ní ìfura nínú.

Kálípà yìí tún wúlò fún ti ogun Jámánì. Àwọn kan máa ń fi fáìlì pa orúkọ rẹ́ létí, kí wọ́n lè kọ ti ẹlòmíràn tí ọjà rẹ̀ yá sí i. Ẹ wọ̀n ọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ yí i díẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí ibì kan bá tín-ín-rín ju ibì kejì lọ, ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Ẹ tún wo bí ó ṣe so mọ́ ríbọ́ǹ: lára British War Medal àti War Medal, ọ̀pá òkè rẹ̀ kì í yí, lára Victory Medal àti àwọn Star, òrùka ni.

Ríbọ́ǹ mẹ́dàlì ogun Hítílà fẹ̀ tó mìlímítà 32. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì àlùkò sí i. Òwú tòde òní máa ń tàn yanran, ti 1945 kì í tàn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ríbọ́ǹ tuntun nìkan kò sọ mẹ́dàlì di ayédèrú, torí èyí tí kòkòrò jẹ ni àwọn sójà máa ń pààrọ̀ kí wọ́n tó lọ sí ayẹyẹ.

Ní ti báàjì idẹ, ẹ̀yìn ni kí ẹ wò. Níbi tí igi ọ̀pẹ ti yọ síwájú, ó yẹ kí kòtò tó bá a mu wà lẹ́yìn, torí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ̀yìn tó tẹ́jú tó sì wúwo, wọ́n dà á ni. Ẹ wo ibi tí wọ́n jó irin ìkọ́ mọ́, ó yẹ kí ó ti darúgbó pẹ̀lú ara yòókù. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Gaunt, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọ̀pọ̀ báàjì àti bọ́tìnì fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, mú yín sùn: àwọn aláyédèrú náà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Báàjì aṣọ tí gọ́ọ̀mù gbígbẹ tàbí rọ́bà tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ kò mọ Bọ́mà rí.

Ìtàn tí wọ́n bá sọ fún yín kò gbọdọ̀ rọ́pò àyẹ̀wò yìí, bó ti wù kó dùn tó.

Ìwádìí

Ilé tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba àtijọ́ sí, National Archives, wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ mú lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ yín tàbí ilé-iṣẹ́ yín dání, ẹ san owó tí wọ́n bá ní kí ẹ san, kí ẹ sì béèrè ìwé atọ́ka fáìlì tí wọ́n ń pè ní Iba Div àti Oyo Prof. Ti àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn àti ti agbègbè Ọ̀yọ́ láyé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n. Ẹ wá ohun tó bá jẹ mọ́ gbígba ènìyàn síṣẹ́ ogun àti ọ̀rọ̀ àwọn sójà tó ti ogun bọ̀. Ó gba sùúrù, ẹ lè jókòó títí di ìrọ̀lẹ́ láìrí orúkọ kan. Ẹ gbé pẹ́ńsù dání.

Fún ẹni tó kú sójú ogun, Commonwealth War Graves Commission ní ibi ìwádìí ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi nọ́ńbà tàbí orúkọ ìlú wá a, kí ẹ dán oríṣiríṣi sípẹ́lì wò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí a kò mọ sàréè wọn ni orúkọ wọn wà lára òpó Rangoon Memorial ní Taukkyan, ilẹ̀ Bọ́mà. Ìbàdàn pàápàá ní ibi ìsìnkú àwọn ọmọ ogun tí àjọ yìí ní orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹni tó padà wálé láyọ̀ kò ní sí nínú ìwé wọn.

Ìtọ́jú

Ẹ má fi Brasso kàn án. Mo mọ̀ pé àwọn sójà fúnra wọn fi í nù ún ní gbogbo òwúrọ̀, àmọ́ ìgbà náà ni iṣẹ́ wọn béèrè bẹ́ẹ̀. Báyìí, dúdú tó wà lójú rẹ̀ jẹ́ ara ọjọ́ orí rẹ̀, bí ẹ bá bó o kúrò, kò ní padà. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó fún eruku. Bí ìpara aláwọ̀ ewé bá bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára idẹ, ẹ fi igi ìtayín rọra há a kúrò, kí ẹ sì wá ibi gbígbẹ fún un.

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an, láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá. Ẹ kó àwọn àpò kéékèèké tó ń wà nínú bàtà tuntun, tó ń fa omi mu, sínú àpótí rẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn. Ẹ má fi nǹkan sínú ọ̀rá PVC tó máa ń rùn, á sọ idẹ di aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀. Rọ́bà tí a fi ń di owó máa ń sọ fàdákà di dúdú. Ẹ má kó kànfọ̀ sínú àpótí kan náà. Bébà tí kò ní ásíìdì ni kí ẹ fi wé e, kì í ṣe ìwé ìròyìn. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó gbé e, ẹ di í mú létí, torí òógùn ọwọ́ máa ń fi àmì ìka sílẹ̀.

Òfin

Ìbọn kò sí nínú ohun tí a ń kó jọ, bó ti wù kó ti dípẹtà tó. Ó nílò ìwé àṣẹ. Bí ẹ bá rí ọta tàbí bọ́ǹbù nínú àpótí bàbá àgbà, ẹ má gbé e, ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ kó àwọn ọmọdé jáde, kí ẹ sì pe ọlọ́pàá. Aṣọ sójà tí wọ́n ń wọ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ àti báàjì wọn, ẹ má rà á, ẹ má wọ̀ ọ́. Òfin kà á léèwọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe sójà.

Àwọn nǹkan ogun tiwa fúnra wa, ti Ìjàyè àti ti Kírìjì, idà, ẹ̀wù ogun, ṣakabùlà, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Òfin tó dá National Commission for Museums and Monuments sílẹ̀ ní 1979 ka iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ohun ìjà sì wà lára wọn. Ẹni tí àjọ náà bá fún láṣẹ nìkan ló lè rà á, kò sì gbọdọ̀ jáde nílùú láìní ìwé àṣẹ. Bí ẹ bá bá irú rẹ̀ pàdé, ẹ dárí ẹbí náà sí musíọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Aláàlùbọ́sà.

Ìwé àkọsílẹ̀

Ẹ ra ìwé ńlá aláwọ líle, kí ẹ fi báírò kọ ọ́, kì í ṣe fóònù nìkan. Fún ohun kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà tí ẹ fún un, ohun tó jẹ́, ìwọ̀n rẹ̀, orúkọ sójà náà ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́, nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀, agboolé rẹ̀, ẹni tó tà á, ọjọ́, iye owó, ibi tí ẹ̀rí títà wà, àti ohun tí ẹbí sọ. Ohun tí ẹ̀rí wà fún àti ohun tí wọ́n kàn sọ, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ so nọ́ńbà kan náà mọ́ mẹ́dàlì pẹ̀lú okùn òwú àti káàdì kékeré.

Ní ojú-ewé àkọ́kọ́, ẹ kọ ohun tó yẹ kí àwọn ọmọ yín ṣe bí ẹ bá kú: kí wọ́n kọ́kọ́ fi lọ ẹbí sójà kọ̀ọ̀kan ní iye tí ẹ rà á, kí èyí tí ẹbí kò bá fẹ́ lọ sí musíọ́ọ̀mù pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ yìí. Ẹ buwọ́ lù ú, kí ẹ sì fi ibi tó wà han ẹnì kan nínú wọn.